Ọ̀rọ̀ "Yam" àti Olùbẹ̀wò tó Wá sí Ìyànsàn

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn Ìyànsàn, tí mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn dé orúnkún, bí ẹni pé òtútù ń pa ìlú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n sì gbé mi lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Imú ni mo fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Bí ìyá mi bá kí mi ní Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, níṣojú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ojú a máa tì mí. Ẹ ò rí i pé mo gọ̀ díẹ̀.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù lọ ni ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé orírun ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Mo há èyí tó ti Róòmù wá sórí, mo há èyí tó ti Gíríìkì wá, mo sì ń kà wọ́n fún ẹni tí kò bi mí.

Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọdún ìdánwò ni. Olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ohun tó bá kọ sínú ìwé rẹ̀ ni yóò sọ bóyá n ó di olùkọ́, tàbí n ó padà sídìí epo pupa fífọ lọ́dọ̀ bàbá mi ní Akotogbo. Òfin tó le jù nígbà náà ni pé a kò gbọdọ̀ sọ èdè ilé nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Hẹdimásítà wa kìlọ̀ rẹ̀ fún mi títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Olùbẹ̀wò àti hẹdimásítà jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo gbé iṣu kan sórí tábìlì, mo kọ "yam" sójú pátákó, àwọn ọmọ sì ń pè é tẹ̀lé mi. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege. Àfi bí ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú, ọmọ àgbẹ̀, ṣe nàwọ́ sókè, tó bi mí ní Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé:

"Tíṣà, ṣé òyìnbó í gbin uṣu ní ùlú ghan?"

Hẹdimásítà dijú. Ó yẹ kí n na ọmọ náà ní pàṣán, kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mi ò sì mọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ ọ́ tí yóò yé e. Mo dẹ táì mi. Mo sọ fún un ní Ìkálẹ̀ pé wọn kì í gbìn ín, òtútù ìlú wọn kò jẹ́. Nítorí náà wọn kò ní orúkọ fún un. Àwọn Potogí tó tukọ̀ wá sí etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ ló gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn èèyàn ibẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ kan tó jọ pé "jẹun" ló túmọ̀ sí. Wọ́n gbé e lọ sílé, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní ọ̀dùnkún pàápàá ni àwọn kan ń pè bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀.

"Tíṣà, àwa la kọ́ ghan," ló wí, ó sì jókòó.

Àwa la kọ́ wọn! Orí mi wú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìwé yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn bíi tiwa náà wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé olùbẹ̀wò.

Olùbẹ̀wò kọ̀wé, ó wọ ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Òde-Ìrèlè lọ. Nígbà tó yá, lẹ́tà rẹ̀ dé. Hẹdimásítà kà á sókè níwájú gbogbo olùkọ́: mo rú òfin èdè, n kò sì gbọdọ̀ tún dán an wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá, nítorí kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì náà tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn kò yé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, mo máa ń sọ pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, mo sì máa ń fi kún un pé èdè Ìkálẹ̀ ni mo fi gba iṣẹ́ náà.