Kọfí Oko Ìyá Rẹ̀

Ìtasánsán kọfí tí wọ́n ń yan nínú páànù ni ó máa ń jí mi nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Rippleside, nílùú òyìnbó. Obìnrin ará Guatemala kan tí a jọ ń gbé ilé náà ló ń yan án, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́ ìdìrù rẹ̀ ní Dagenham Dock. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn ni; o mọ bí òtútù ọdún àkọ́kọ́ ṣe máa ń báni jà. Bí mo bá ti wọ kíṣìnì, á gbé kọ́ọ̀pù kan síwájú mi.

"Mu ún, ọmọ mi. Láti oko ìyá mi ni, lórí òkè tí kùrukùru máa ń bò. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èso tètè pọ́n, ìdí nìyẹn tó fi dùn."

Màá dúpẹ́, màá da mílíìkì inú agolo sí i, màá bu ṣúgà lé e, màá gbé e mì, ó di ìdí bọ́ọ̀sì. Mo rò pé àpò-àpò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i.

Ní Sátidé kan, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti lọ́kọ wá kí i. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpò kọfí náà, ó mì í wò.

"Mọ́mì, kọfí ìyá àgbà dà?"

"À ń mu ún ni," ni ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú sókè.

Ọmọ náà wo kọ́ọ̀pù mi tó funfun fún mílíìkì. Òun ló là á yé mi: àìsàn ti pa gbogbo igi kọfí oko náà, ìyá àgbà sì ti kú. Ìkórè tó ṣe kẹ́yìn ló wà nínú àpò yẹn, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí rẹ̀ ni. Ìyá yìí fúnra rẹ̀, kọfí lúbúlúbú olówó pọ́ọ́kú ló ń mu. Mo gbé kọ́ọ̀pù mi kalẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá mu ún? Mo ń rí bó ṣe máa ń rẹ̀ ọ́ tó o bá dé láti ibi iṣẹ́."

Lọ́jọ́ ìrántí náà, mo fẹ́ yọ́ jáde, ìyá náà pè mí padà, ó pín ìwọ̀nba tó kù fún gbogbo wa. Mo mu ún bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan sí i. Ó kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀, lẹ́yìn náà ni adùn bí oyin rọra tẹ̀lé e. Gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn, n kò tíì tọ́ ọ wò rí! Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ rẹ̀ rò pé ó gbóná jù ni, ó na omi tútù sí mi.

Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni ìyá yìí ń gbé báyìí. Nígbà kan, mo ra kọfí òkè Guatemala, olówó gọbọi, mo gbé e lọ fún un. Ó mu ún, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn. Mo mọ̀. Ẹ̀bi náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi, n kò sì lé e mọ́, nítorí òun ló kọ́ mi pé bí ẹnikẹ́ni bá na nǹkan sí mi, kí n tó gbà á, kí n kọ́kọ́ bèèrè: "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló kù fún yín?"