Orin Tí Mo Fi Bo Ìró Daddy

Olùkọ́ wa ní kíláàsì Bíbélì ló fi imú ṣe é. Ó ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wà, embrimaomai, tí kò wọ́pọ̀ nínú Bíbélì. Àwọn ará àtijọ́ a máa lò ó fún ẹṣin tí inú ń bí, tó ń fọn imú. Ó wá fọn imú bí ẹṣin. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọkàn tèmi ti padà sí pálọ̀ wa ní Kétu, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi lọ sin.

Kristẹni ni wá o, ṣùgbọ́n òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Daddy ti ara wọn mọ́ yàrá. Àwọn ará ìjọ kún pálọ̀, òórùn tòmátì tó ti rà sì ń gba ojú fèrèsé wọlé láti Mile 12. Wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni ìró imú bíi ti ẹṣin yẹn jáde láti yàrá. Ó tún jáde. Gbogbo ojú yí sí ilẹ̀kùn. Mo rò pé àwọn àlejò ni Daddy ń bínú sí. Ojú tì mí, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Aunty mi, àbúrò Daddy, fi ìgbúnwọ́ gbún mi. "Kọrin! Kọ ọ́ sókè, kí wọ́n má gbọ́ Daddy ẹ."

Mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí olùkọ́ wa sọ yẹn ni Jòhánù lò fún Jésù níbi ibojì Lásárù, níbi tí Jésù ti sunkún.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Daddy jáde, ojú wọn pọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Mo gbọ́ ẹ," wọ́n ní. "O ṣeun tó o kọrin fún àbúrò ẹ."