Ìṣó Tí Mo Fi Ọwọ́ Ká Kò ní Manigri

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi mú gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá láti pààrọ̀ páànù orí ilé wa ní Manigri. Abẹ́ igi kajú ni mo jókòó sí, mò ń ṣe bí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́, oorun ló sì ń bójú tó èmi. Gbàù, gbàù, òòlù ń ró lókè. Ó ṣe díẹ̀, òòlù ṣì í lù, ìṣó wọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ṣépè fún un, ó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Mo dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo wá gbé ọwọ́ náà sí imú. Òórùn irin tó ti pàdé òógùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín o: mo ti ń fi ojú wá ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá, kí n tó rántí pé mo ti dàgbà ju ẹni tí ìṣó ń dẹ́rù bà lọ.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, àwọn Faransé ló ń ṣàkóso wa, Dahomey ni wọ́n sì ń pe ilẹ̀ yìí. Iṣu ni ọba oko wa. Kajú tí ẹ ń fi ṣe yàngà lónìí kò tíì di nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iṣu lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ebè kí òjò tó lọ tán, torí pé bí ilẹ̀ wa bá ti gbẹ, ọkọ́ á máa ta padà lára rẹ̀ bí ẹni ń ṣá àpáta. Ẹnì kan kì í sì í dá ebè kọ. Àáró la fi ń ṣe é: àwọn géńdé á kó ara wọn jọ, lónìí wọ́n wà lóko tèmi, lọ́la wọ́n wà lóko tìrẹ. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, gbogbo ọkọ́ á lọ sókè, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí apá ẹyẹ kan ṣoṣo.

Bàbá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ó ku ìyá mi, èmi, àti àwọn àbúrò mi tí ẹnu wọn mọ iṣu ju bí ọwọ́ wọn ti mọ ọkọ́ lọ. Bàbá mi ló máa ń ṣojú ilé wa nínú àáró. Bí kò bá sí ẹni tó gba ipò rẹ̀, àáró kò ní yà sí oko wa, àwa náà kò sì ní rí iṣu wà lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti dá a ṣe. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ebè tí mo kọ kò tó ohun tí ewúrẹ́ lè fara pamọ́ sí. Òjò sì ti ń dín. Àfi kí n wọ àáró.

Wọn kì í ṣàdédé gba èèyàn. Bí òógùn bá mú èèkù ọkọ́, tí ọwọ́ ẹni kò sì di nǹkan mú, ọkọ́ lè fò kó gé ojúgun ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán ọwọ́ wò. Láyé àwọn bàbá wa, odó ni wọ́n ń fi ìka gbé ní ẹnu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń fi páànù bo ilé ìwé ní Bassila, tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin wa lọ ru igi, àwọn yẹn mú ìṣó gbọọrọ bọ̀, gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bí odó ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ àáró á fi ọwọ́ ká ìṣó kò títí orí rẹ̀ á fi yí padà kí ìdí. Kò gbọdọ̀ lo òòlù, kò gbọdọ̀ lo eyín; àkísà tí wọ́n á fi dì í nìkan ni wọ́n gbà.

Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ ni olórí àáró. Ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi bí ẹlòmíràn bá ṣubú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gba ọwọ́ mi, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

“Ṣé ìwọ kọ́ lo lọ sílé ìwé?”

“Díẹ̀ ni mo lọ, ẹ̀gbọ́n.” Òótọ́ ni. Mo kàwé dé ibi tí mo ti lè kọ orúkọ mi, mo wá fi í sílẹ̀ kó tó di àìsàn sí mi lára.

“Ọlọ́wọ́ Òwú!” ló wí, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. “Tí wọ́n bá ti ná ọjà Bassila lẹ́ẹ̀mejì, wá bá wa lábẹ́ igi emi. Má gbàgbé òwú rẹ nílé.”

Akíkanjú ni mí, ẹ̀yin ọmọ, àmọ́ wọn kò tíì sọ fún oorun mi. Gbogbo òru ọjọ́ náà ló fi sá fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, mo bá ìyá mi ru iṣu lọ sí Bassila, mo sì wá Alásánì kàn. Ọmọ Bassila ni, Anii ni èdè ilé wọn, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tó bo ilé ìwé yẹn. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, mo gbọ́ tiwọn díẹ̀, ibi tí méjèèjì kò bá dé, ẹ̀rín la fi ń dí i. Ó fún mi ní ìṣó kan. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́. Ojú mi nìkan ló ká kò.

“Ọ̀rẹ́, ò ń bá ìṣó jà,” ni Alásánì wí. “Ìṣó kì í jà. Gbé e sún mọ́ àyà, kí o fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í. Bó bá ti yẹ̀ díẹ̀, má dúró o! Irin tó bá ń tẹ̀ a máa gbóná. Bí o bá jẹ́ kó tutù, ìwọ ló máa rẹ̀, kò ní rẹ òun.”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ló ń jìyà. Okùn, èèkù ọkọ́, ọmọ odó. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀, èmi ni mò ń fún un, títí mo fi fún ìró ìyá mi ya sí méjì.

“Ṣé aṣọ mi ló pa bàbá rẹ ni?” ló bi mí. Lẹ́yìn náà ló rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó, ó sì rọra gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi.

Ìlú wa nìyẹn: ohunkóhun tó bá ń dun èèyàn, òrí ni. Ọmọ tuntun, òrí. Ẹsẹ̀ tó rin ìrìn àjò, òrí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìyá mi bu òrí, ó fi ra ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́, ó ń súre: “Ọkọ mi, irin kò ní ju ọwọ́ rẹ lọ.” Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tó rò ó nínú àwa méjèèjì pé ọwọ́ tó ń dán kì í di irin mú.

Lábẹ́ igi emi, igi tí òrí ti ń wá, mo di ìṣó sínú àkísà, mo gbé e sáyà, mo tẹ̀ ẹ́. Fìrì! Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja, ó sì lọ balẹ̀ sínú igbá ẹ̀kọ ẹnì kan.

“Ó ti sá o!”

“Ẹ wò ó, Ọlọ́wọ́ Òwú ti di Ọlọ́wọ́ Òrí!”

Mo tún un ṣe, ó tún sá. Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ gbé ìka kan sókè. “Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé.”

Mo wẹ̀yìn, bóyá mo lè rí ọ̀nà tí mo máa gbà lọ. Ìyá mi ni mo rí. Èmi kọ́ ló ń wò. Ojú ọ̀run ló ń wò, ọ̀run sì mọ́ roro, kò sí ẹyọ ìkùukùu kan níbẹ̀. Ẹ̀rù ìṣó kúrò lára mi nígbà náà, ẹ̀rù òjò tó ń lọ tán ló lé e jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n rò pé mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n máa lọ. Ẹ̀gbẹ́ ebè kan tó wà létí igi náà ni mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀, mo sì ń fi erùpẹ̀ gbo wọ́n títí erùpẹ̀ fi mu òrí tán. Mo gbé ìṣó sáyà. Mo tì í. Kò gbọ́. Mo tún tì í, etí mi ń hó, ibi tó bó lọ́wọ́ mi tún la. Ó yẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ń sùn bá yí ọrùn. Gbogbo ara mi ní kí n sinmi díẹ̀. Mo gbọ́ Alásánì nínú orí mi: má dúró o! N kò dúró. Ìṣó náà gbóná nínú àkísà bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, nígbà tí mo sì la ojú, orí rẹ̀ ti ń kí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, kò wò ó, ó kàn dì í mọ́ ọwọ́.

“Ó gbóná,” ló wí. Ó wá yíjú sí àwọn yòókù. “Oko ìyá rẹ̀ la máa kọ́kọ́ yà sí lọ́la. Ìwọ, bí o bá ń bọ̀, má kun òrí o.”

Mo lè rí oko wa títí di òní, bí ebè ṣe ń dìde níwájú wa lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ìyá mi gba ìṣó náà, ó kàn án mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi kọ́ igbá. Igbá òrí ni.

Alásánì bá àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ tí ẹ ń pè ní Gánà báyìí, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àáró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ebè á bẹ alágbàṣe. Òpó ẹnu ọ̀nà ìyá mi ṣì wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rí ìṣó tó ti dógùn-ún, ó ní, “Bàbá, ṣé kí n fa eléyìí yọ? Ẹni tó kàn án kò mọ iṣẹ́.” Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣó tó jù sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi níbi tí mo jókòó sí yìí. Ọmọ àbúrò mi ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ojú bi mí pé kí ni bàbá yìí ń fi irin ṣe láyà. Mo ti fi erùpẹ̀ gbo ọwọ́. Kò tíì ká kò. Àmọ́ ó ti ń gbóná.