Ìyá Ìjọ Pruitt àti Àdúrà Aago Mẹ́fà

Ká ní Ernestine Pruitt pa ẹnu ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn ni, ọ̀ràn ì bá má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yẹn ò gbélé rí. Èmi tí mo ti bá a gbé àdúgbò láti ogún ọdún ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi Òkè Nébò, nílùú wa kékeré yìí ní Mississippi. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, funfun ló máa ń wọ̀ láti fìlà dé bàtà. Àga iwájú lọ́wọ́ òsì ni tiẹ̀. Bí àlejò bá jókòó síbẹ̀, yóò dúró tì í láìsọ̀rọ̀ títí onítọ̀hún á fi dìde fúnra ẹ̀. Tó bá wá kan àdúrà, ẹ fi sílẹ̀ fún un! Bó bá ti ké “Bàbá wa ọ̀run” lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbà á máa mi orí, àwọn ọmọdé á tu ṣingọ́ọ̀mù wọn dànù.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún méjì tí obìnrin náà ti gbàdúrà kẹ́yìn. Mi ò ní kò sọ ọ́ lẹ́nu o, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́. Kíndìnrín ló ń yọ Lonzo ọkọ ẹ̀ lẹ́nu nígbà náà. Ogójì ọjọ́ gbáko ni ìjọ fi gbàdúrà fún un, Ernestine sì ń gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, Lonzo kú. A gbé adìyẹ díndín àti kéèkì lọ síbẹ̀, a ní Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe, ó sì dá wa lóhùn pé àmín. Láti ìgbà náà, tó bá kúnlẹ̀, àfi bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Ojú ń tì í gan-an. Ìyá Ìjọ tí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún? Ó kàn ń wọ funfun ẹ̀ lọ ni.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni àwa ará Òkè Nébò máa ń pàdé lórí fóònù láti gbàdúrà. Oníkálukú á pe nọ́ńbà kan náà látilé. Díkìní Cleophus Rudd á ka orúkọ àwọn aláìsàn, ẹni tó bá yàn á sì gbàdúrà. Àwa yòókù á tẹ àmì ìràwọ̀ àti ẹẹ́fà, kí ariwo ilé wa má baà dà mọ́ àdúrà. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ á tì. Tún un tẹ̀, á ṣí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mò ń wí yìí, Ernestine tẹ̀ ẹ́. Kò dá a lójú pé ó wọlé, ló bá tún un tẹ̀. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ro gírítì àgbàdo, ó sì ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Orúkọ Odessa Tubbs ni Díkìní kọ́kọ́ kà. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ Odessa jẹ́, wọ́n sì máa gé e lókè orúnkún ní Fúráìdeè. Láti ìgbà tí òun àti Ernestine ti jọ ń já òwú lóko olóko ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Arákùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí fóònù pé, “A kọ̀ ọ́! Wọn ò ní gé e! Mo ní wọn ò ní gé e!”

Ernestine pòṣé. Ó kọjú sí fọ́tò ọkọ ẹ̀ tó wà lára fíríìjì. “Ṣé ò ń gbọ́ wọn, Lonzo? Ohun tí wọ́n sọ nípa tìẹ náà nìyẹn. Ariwo lásán. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ lókè níbẹ̀. Wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn, Odessa á sì kú bó o ṣe kú.”

Kẹ́kẹ́ pa. Ernestine rò pé àdúrà ti parí ni, ó ń yí ẹran ẹ̀ lọ nínú epo.

“Ìyá Ìjọ,” ni Díkìní Rudd wí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó já lu àgbàlagbà níbi tó ti ń wẹ̀. “Ẹ máà bínú o. À ń gbọ́ yín, mà.”

Yéè! Èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wà níbẹ̀, Odessa fúnra ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ernestine pa fóònù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, ẹran sì jóná di èédú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ká ní ikú kan ilẹ̀kùn lákòókò yẹn, Ernestine ì bá ní kó wọlé wá jẹ gírítì.

Kò pe fóònù mọ́ lọ́jọ́ kejì, kò pè é lọ́jọ́ kẹta. Mo gbé páì ọ̀dùnkún lọ bá a. Kọ́tínì mì, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti ká aṣọ funfun ẹ̀ sínú báàgì, ó fẹ́ dá a padà fún ìjọ.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, Odessa pè é.

“Ernestine.”

“Odessa, jọ̀ọ́, mo…”

“Dákẹ́ jàre. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí dókítà pa mí kó o tó sin mí. Ṣé o ti yan aṣọ tí wọ́n máa fi tẹ́ mi?”

Ernestine bú sẹ́kún. “Dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ṣí.”

“Èmi ò bi ọ́ léèrè ohùn tó ṣí. Ṣé òótọ́ lo sọ?”

Ernestine fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Mi ò mọ̀, Dessa. Ọdún méjì rèé. Mò ń pè, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọdé lójú ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ọdún méjì! O sì ń gbàdúrà sórí ẹsẹ̀ mi láti Kérésìmesì! Onírọ́ àgbà!” Odessa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ibì kankan. “Ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo wọn ń pariwo pé wọn ò ní gé e. Wọ́n máa gé e, mo mọ̀. Ìwọ nìkan lo là á mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìwọ ni mo fẹ́ kó o gbàdúrà fún mi. Má sì bá mi ṣe tẹnu o.”

“Mi ò ní ohun tí mo lè sọ fún Ọlọ́run.”

“Sọ ìyẹn fún un.”

Nígbà tó di Fúráìdeè, Odessa ti wà ní ọsibítù, fóònù wà lórí àyà ẹ̀. Ernestine kúnlẹ̀ sí kíṣìnì. Díkìní ní, “Arábìnrin Tubbs ní Ìyá Ìjọ Pruitt ni kó gbàdúrà fún òun. Ìyá Ìjọ, ó dọwọ́ yín.”

Ernestine mọ̀ pé gbogbo wa ń tẹ́tí. Kò ké “Bàbá wa ọ̀run.”

“Olúwa,” ló wí, “bí O bá wà níbẹ̀, èmi Ernestine ni. Ọdún méjì ni mo ti ń parọ́ lójú ìjọ Rẹ. Mò ń bínú sí Ọ nítorí Lonzo. Ojú ń tì mí láti wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ẹni tí mo ní kò sí. Mi ò ní kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ Odessa. Tí wọ́n bá gé e tán, jẹ́ kó jí. Mi ò ní ọ̀rẹ́ míì. Mi ò sì ní ìgbàgbọ́ tí mo lè kó wá. Odessa nìkan ni mo mú wá. Àmín.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ernestine fọwọ́ bojú. Ó ní ó ti tán, ìjọ ti kọ òun.

“Ìyá Ìjọ?” ni Díkìní wí. “Ṣé ẹ ti wọlé? À ń retí yín o.”

“Háà?” ni Ernestine wí.

“Ẹ tẹ ìràwọ̀ àti ẹẹ́fà, mà. Láti Túsìdeè ni mo ti ń ti ohùn gbogbo èèyàn láti ọ̀dọ̀ mi níbí, àfi ti Arábìnrin Tubbs lónìí. Ẹ… ẹ ṣáà mọ ìdí ẹ̀.”

Ernestine tẹ̀ ẹ́. “Mo ti gbà á. Mo ti gbà á tán.”

“A ò gbọ́ nǹkan kan,” ni Odessa wí. “Ta ló wá gbọ́ ọ?”

Ernestine gbójú sókè wo fọ́tò Lonzo lára fíríìjì.

“Àwọn nọ́ọ̀sì ti dé o,” ni Odessa wí. “Tún un gbà, kí èmi náà gbọ́.”

Ìtìjú tún bò ó, torí ọ̀tọ̀ ni kéèyàn jẹ́wọ́ fún Ẹni tí kò rí, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tí yóò bá pàdé lọ́jà lọ́la. Síbẹ̀, ó tún un gbà, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, títí kan ibi tó ti ń parọ́ fún wa. Nígbà tó dé ìparí, mo ké àmín látinú ikùn mi wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe àmín sí ohun tí mi ò fetí sí, ojú sì ti èmi náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mi, torí ohùn mi tì.

Ti Odessa nìkan la gbọ́. “Àmín,” ló wí. Lẹ́yìn náà la gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì tó ń yí lọ.