Tòlótòló Inú Esùsú Thamesmead

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tó ṣáájú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, lẹ́yìn sààrì, létí adágún kan ní Thamesmead, ní London níbí. Daddy mi, ọmọ ọdẹ Ìjẹ̀bú, ti búra pé òun rí tòlótòló ìgbẹ́ níbẹ̀.

Mummy ní, “Please, Daddy Síkírá, pẹ́pẹ́yẹ lẹ rí. Tẹ́ ò bá mú fọ́tò ẹ̀ wálé, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ìtàn ọdẹ fún wa mọ́.”

Èmi àti Daddy yẹ ilẹ̀ wò. A rí ipasẹ̀ oníka mẹ́ta, tí kò ní awọ láàárín ìka bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Daddy dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, wọ́n sì ké bí abo tòlótòló. Kíá, akọ dáhùn! A rákò lọ, fóònù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo la esùsú, koríko gíga etí omi náà, Alhaji aládùúgbò wa ni mo bá ní ìdọ̀bálẹ̀.

“Daddy Síkírá, ẹ̀yin lẹ ń pè mí bí ìyàwó?”

“Alhaji, ẹ̀yin náà lẹ ń dáhùn bí ọkọ!”

A ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí igbe kẹta dún lẹ́yìn wa. Bóyá tòlótòló ni o, bóyá ọmọ ọdẹ mìíràn ni, n kò mọ̀ títí di òní.