Òkú Ìjẹ̀bú-Igbó Tó Gbé Tọkọtaya Lọ Sórí Òkun

Akínrẹ̀mí kì í ṣe ènìyàn búburú, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tiwọn ló kọjú sí Parsloes Park. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Lọ́jọ́ Àìkú, yóò wọ sùtánà funfun, yóò bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa ní Castle Green, yóò sì gbàdúrà títí òógùn yóò fi rin ín láṣọ. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a jà: ó ń bẹ̀rù ayé. Nígbà tó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, ọ̀rá dúdú tí a ń kó pàǹtí sí ló fi wé e kó tó gbé e wọlé. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní ayé ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀.

Magdalene ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọkọ rẹ̀ wà nídìí bọ́ọ̀sì; bí kò bá sí nídìí bọ́ọ̀sì, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì; bí kò bá sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ ti òun nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akínrẹ̀mí gbà. Ó rí ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tó ń lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì nínú oṣù kẹsàn-án, àsìkò tí ìjì ń jà lọ́hùn-ún, tí àwọn tó gbọ́n ń jókòó sílé wọn, tí wọ́n sì ń ta àyè ọkọ̀ lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá gbọ́ pé ó ń lọ gbafẹ́, ayé gbọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ó pa Bàbá Àkànmú. Bàbá Àkànmú ni ẹ̀gbọ́n bàbá Magdalene, ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń jẹ, ó ń mu. Akínrẹ̀mí ní bàbá ti kú, àwọn ń lọ sìnkú. Magdalene ní a kì í fi irú ẹ̀ ṣeré. Ọkọ ní bí kò bá sí òkú, kò sí ọkọ̀. Nítorí ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ìyàwó panu mọ́.

Ìjọ bá wọn sunkún. Èmi, ọ̀dọ̀yọ̀ tí mo jẹ́, mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, mo gbé e lọ bá wọn nílé. Akínrẹ̀mí jẹ méjì níṣojú mi, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà dára. Magdalene sọ fún mi nígbà tó yá pé àwọn jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìwẹ̀ inú ọkọ̀, ọkọ òun wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì ń bi òun nípa ìgbà èwe òun, ohun tí kò bi òun rí. Àfi bí atẹ́gùn ṣe dìde. Kò tó nǹkan. Àwọn arúgbó òyìnbó tó ń ta káàdì nínú ọkọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ṣùgbọ́n Akínrẹ̀mí rí ife tí ń rìn lórí tábìlì, ó sáré wọ yàrá, ó gbé sùtánà wọ̀, ó sì ránṣẹ́ ohùn sórí WhatsApp ìjọ:

"Ẹ̀yin ará, ẹ dìde sí prayer o. Orí òkun la wà, atẹ́gùn yìí ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ ká ṣègbé."

A kọ́kọ́ rò pé òjò ti gbé Ìjẹ̀bú-Igbó lọ ni. Jọmílójú, tó ń darí orin wa, bèèrè pé òkun wo ló dé ibẹ̀. Akínrẹ̀mí rò pé a ò gba òun gbọ́, ló bá fi fọ́tò ránṣẹ́: òkun lójú fèrèsé, Magdalene lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ ìwẹ̀, ó fọwọ́ lérán.

A gbàdúrà ṣá. Ìyá Wòlíì ìjọ wa ní kó máa ka Sáàmù láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kó sì máa pè láti jábọ̀. Atẹ́gùn rọlẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí, fóònù kò rọlẹ̀. Títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀, inú yàrá ni Akínrẹ̀mí wà tó ń ka Sáàmù sí wa létí. Magdalene nìkan ló jókòó létí odò ìwẹ̀, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Akínrẹ̀mí jáde síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Ìyá Wòlíì nawọ́ dá a dúró.

"Akínrẹ̀mí, àwa tí o sá fún náà lo ké pè. Ta wá ni ayé?"

Ìyá Wòlíì yíjú sí Magdalene, ó bi í bí àwọn ẹbí olóògbé ṣe wà.

"Mummy, olóògbé fúnra wọn ń kí yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín òkú àwọn."

Gbogbo ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Magdalene kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, torí mo mọ ohun tó pàdánù, mo sì mọ̀ pé fóònù tèmi náà wà lára àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, Magdalene fúnra rẹ̀ ló gba àyè ọkọ̀. Ó dìde níwájú ìjọ, ó dárúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tí yóò gbéra, ó sì ní kí a gba gbogbo àdúrà náà tán níbẹ̀, torí fóònù ọkọ òun kò ní bá àwọn lọ. Akínrẹ̀mí dìde, ó tún jókòó. Ọ̀dọ̀ mi ni Magdalene gbé fóònù náà sí.

Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń dún láti àárọ̀, nọ́ńbà òkèèrè kan náà. Mo mọ ẹni tó ń pè. Kò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú wa sórí, tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Mo ti wo bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe rí: oòrùn ń ràn, kò sí atẹ́gùn kankan. N kò ní gbé e. Kó padà sórí àga gbọọrọ yẹn, kó parí ohun tó ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.