Àga Kan Ṣoṣo Nílé Onífọ́tò

Onífọ́tò ti ki orí bọ inú aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà rẹ̀, ló bá tún yọ ọ́ síta. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa jókòó. Ẹni tó bá jókòó nínú fọ́tò làgbà."

Ìyá àgbà mi ló ń bá wí. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn lé èjìká ìyàwó tí bàbá àgbà fẹ́ lé wọn. Òun ló jókòó, bí ẹni jókòó lórí ẹyin. Aṣọ òkè Ìyá àgbà ló wà lára rẹ̀, tó ń rùn fún káfúrà inú àpótí aṣọ. Ìró àdìrẹ tí wọ́n fi ń lọ sóko ni Ìyá àgbà alára ró.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Ìyá àgbà ṣe ń wé gèlè fún un nílé wa ní Ìlaròó, ni ìyàwó ń bẹ̀ wọ́n. "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n dúró. Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Èèyàn wo? Ṣé àwọn èèyàn ni ò lè jẹun ní Ìjoùn ni?"

Ìyá ìyàwó ló wà ní Ìjoùn, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti di ẹrú orogún. Ìyàwó ránṣẹ́ títí pé irọ́ ni, wọn ò gbà, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́.

"Màmá," onífọ́tò ò tíì jáwọ́, "wọ́n á ní ẹ̀yin lọmọ ọ̀dọ̀."

"Jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ń ya fọ́tò fún ò mọ̀ mí rí, ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ rí." Wọ́n wá sọ sí ìyàwó létí. "Tújú ká. Ìyá ẹ á ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ẹ́ tán ni."

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu ìyàwó tí kámẹ́rà fi dún.

Awakọ̀ tó bá wa mú fọ́tò náà lọ sí Ìjoùn gbé àkùkọ kan bọ̀. Ó ní ìyá ìyàwó ti ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n gbé fọ́tò sí. Wọ́n sì ní kí ọmọ àwọn má fi iṣẹ́ pa àgbàlagbà tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ yẹn, kó fún un ní itan àkùkọ náà.

Ìyàwó kúnlẹ̀, ojú tì í. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ó yá, ìyàwó, gbé itan mi wá."

Ẹ̀dà kejì fọ́tò náà ló wà ní pálọ̀ mi báyìí. Àlejò á wo ẹni tó jókòó, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà yín rèé?" Nígbà mìíràn mo máa ń ṣàlàyé, nígbà mìíràn mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń to àga fún fọ́tò nínú ẹbí wa, ẹ̀yìn àga ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbé mi lọ, màá sì wá èjìká tí mo máa gbé ọwọ́ lé.